Ìgbọ̀nwọ́ Kẹta

Afẹ́fẹ́ ni ọlọ́kọ̀ ẹrù wa nílé-iṣẹ́ pákí,
lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo, béèyàn bá kọrí sí Ọ̀fà.
Kò ní táyà, kò bẹ̀rù kòtò ojú títì,
àmọ́ ogún àpò ìyẹ̀fun ló ń gbé ní wákàtí kan
láti ẹnu ẹ̀rọ dé orí òrùlé
nínú páìpù tí kò ki ju itan mi lọ.

Èmi ni mo ń gbọ́ ọ.
Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn, bí wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé:
kí n jókòó sórí àga onírin láti aago mẹ́wàá alẹ́,
kí n dẹtí.
Bí ìyẹ̀fun bá ń fò, á máa dún ṣììì,
bí òjò tó ń ti ìhà Òró bọ̀ tí kò tíì dé.
Bí yóò bá bàjẹ́, á kọ́kọ́ wúkọ́.

Lóru Jímọ̀ tó kọjá, kò wúkọ́.
Ó kàn dákẹ́.

Ganíyù tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ló rọ́ ọ yó.
Ó fẹ́ tètè parí, ìyàwó ẹ̀ ń rọbí n'Ígbàjà.
Ta ni yóò bú u?
Ṣùgbọ́n ọ̀fun páìpù ò mọ aya ẹnìkan,
ohun tó mọ̀ ni pé oúnjẹ ti ju èémí lọ.

Mo mú òòlù onírọ́bà,
mo ń kan páìpù lọ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna.
Kó. Kó. Òfìfo ni.
Ìgbọ̀nwọ́ kìíní, kó. Ìkejì, kó.
Ìgbọ̀nwọ́ kẹta dáhùn pé kù,
bí àpò tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ẹnjiníà Láwàní sáré dé, bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì:
"Ẹ fi kún afẹ́fẹ́! Ẹ fi kún un!"
Bàbá Saláwù, tó ti jó ìgbọ̀nwọ́ yẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin,
ò tiẹ̀ gbójú sókè.
"A fi kún un lọ́dún èṣí, ìyẹ̀fun lu irin já.
Ìyẹ̀fun o! Ohun tí ọmọ tí kò léyín ń gbé mì.
Bó bá falẹ̀, ẹrù á jókòó.
Bó bá sáré jù, á máa jẹ ilé tó gbà á."
Ó pa ẹnu ẹ̀rọ dé. Ó ní ká dúró.

Níbi tí a dúró sí ni mo ti rántí Àwẹ̀ró, ìyá ìyá mi,
lórí àpáta l'Ókè-Ọdẹ, nígbà ọyẹ́,
igbá bàbà lókè orí rẹ̀, tó ń súfèé pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.
A kì í jágbe mọ́ atẹ́gùn, ló máa ń wí,
èyí tó bá fìbínú dé, tèèpo tọkà ni yóò gbé lọ.

N kò mọ ìgbà témi náà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.
Àwọn ọkùnrin wò mí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

N kò sọ pé ìfé mi ló ṣe é.
Bàbá Saláwù tú bóòtì mẹ́rin,
òkìtì tútù kan já bọ́, ó tó orí ewúrẹ́,
ó dè é padà, ó ṣí afẹ́fẹ́ díẹ̀, díẹ̀ sí i.
Páìpù hú u. Ó tún dákẹ́.
Lẹ́yìn náà ni òjò Òró bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Lórí òrùlé, ààjà onírin ń pòòyì,
ìyẹ̀fun ń já sínú àpò,
atẹ́gùn bá tirẹ̀ lọ láìgba owó ọkọ̀.

Obìnrin ni Ganíyù bí. Ó pè wá kí ilẹ̀ tó mọ́,
ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò tò ó.

Nígbà tí mo délé, Màlíìkì wo irun mi,
ó wo ìpéǹpéjú mi:
"Màámi, òru kan ṣoṣo lẹ fi darúgbó?"
Mo bọ́jú. Omi inú abọ́ dà bí ògì.
Mo sùn, etí òsì mi lókè,
ó ń dún ṣììì.